Ọ̀gá Mẹ́ta Lórí Ọ̀sà

   

Ọ̀rọ̀ omi ni mo gbé wá lónìí, ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ ta ìgbòkun tàbí tó fẹ́ fi ọkọ̀ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ díje. Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń kùn níbì kan pé, "Ẹ̀gbọ́n, orí ilẹ̀ pupa Ìfànyìn la wà o, kí ló pa wá pọ̀ mọ́ ìgbòkun?" Ó pa wá pọ̀. Ẹni tó bá gun alùpùpù zẹ́mì lọ sí Àjàṣẹ́ láàárọ̀ lè padà wá jẹun ọ̀sán nílé, etí ọ̀sà sì ni Àjàṣẹ́ jókòó sí. Ẹja tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń jẹ àkàsà, inú ọ̀sà yẹn àti inú adágún Nokoué tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń pa á. Àwọn ọmọ wa tó ń kàwé ní Àjàṣẹ́ kì í sì í fi ọjọ́ ìsinmi jókòó sílé. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀ lọ wo Ganvié, ìlú orí omi Nokoué. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀, ọ̀rọ̀ yìí ti kàn án.

Ẹni tó bá dúró sí èbúté wo eré ọkọ̀ máa ń rò pé apá ló ń borí. Apá wà níbẹ̀ lóòótọ́, mi ò fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé ẹni tó bá mọ ìgbà tí omi ń bọ̀ àti ìgbà tí omi ń lọ yóò na alágbára tó kàn ń tu ọkọ̀ lójú kan, tí ò bìkítà ibi tí omi dorí kọ. Ọ̀gá mẹ́ta ló ń pàṣẹ fún ọkọ̀ lórí ọ̀sà: ìṣàn odò, ìkún òun ìfà òkun, àti afẹ́fẹ́. Kálukú wọn ló ní àkókò tirẹ̀, wọn kì í sì í bára wọn ṣèpàdé. Iṣẹ́ atukọ̀ ni kó mọ èyí tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní wákàtí tóun fi wà lórí omi.

Ẹ jẹ́ ká mú ìṣàn ṣáájú. Ewé kan wà tó ń léfòó lórí omi. Ó jọ ojúoró, ó jọ òṣíbàtà, kì í sì í ṣe ọ̀kankan nínú wọn. Òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ elésè àlùkò, ó dùn ún wò, àmọ́ kò sí apẹja tó fẹ́ fojú kàn án. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀. Ní 1984, àwọn ará Nàìjíríà ṣàdédé bá a nínú omi Àgbádárìgì. Kò sẹ́ni tó rù ú débẹ̀. Ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ló gbà lọ: ọ̀sà Àjàṣẹ́ gbé e, ó kọjá ààlà láìfi ìwé han ẹnikẹ́ni, ó dé Àgbádárìgì, ó wọ ọ̀sà Èkó, ó sì ń lọ títí ó fi dé omi àwọn Ìlàjẹ ní Oǹdó. Ewé tí kò ní ìgbòkun, tí kò ní àjẹ̀, ibi tí omi bá ń lọ náà ló ń lọ. Bí ẹnì kan bá bi yín léèrè pé ibo ni ìṣàn Àjàṣẹ́ dojú kọ, ẹ ní kó lọ bi ewé yẹn.

Ọ̀nà ìlà-oòrùn tó gbà lọ yẹn ti pẹ́. Láyé àtijọ́, iyanrìn ló dí etíkun wa pa. Odò Wémè àti odò Sô á kún wọ Nokoué, omi ò sì ní ọ̀nà tààrà sínú òkun. Á máa wá ọ̀nà gba Àjàṣẹ́, gba Àgbádárìgì, títí dé ẹnu òkun ní Èkó. Ní 1885 ni àwọn Faransé la ilẹ̀ tó wà láàárín Nokoué àti òkun ní Kútọnu, torí pé ìkún omi ń dààmú àwọn ilé ìtajà tó wà níbẹ̀. Ojú omi tí wọ́n là yẹn náà lẹ ń rí lábẹ́ afárá tẹ́ ẹ bá ń ti Àjàṣẹ́ lọ sí àárín Kútọnu. Ọ̀nà àbájáde ni wọ́n là á fún omi odò. Àmọ́ òkun náà rí ọ̀nà, ó sì wọlé.

Látìgbà náà ni omi Nokoué ti ní olówó méjì. Láti oṣù Kẹsàn-án lọ sí Kọkànlá, òjò tó ti rọ̀ lókè lọ́hùn-ún á kún inú Wémè, odò á ya bo adágún, omi dídùn á sì máa tú jáde gba Kútọnu tọ̀sán tòru. Nígbà yẹn, kékeré ni ohun tí òkun lè ṣe. Tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, odò á fà, òkun á wá gba ilé: omi oníyọ̀ á máa wọ Nokoué, díẹ̀ nínú rẹ̀ á gba ọ̀nà omi Totchè dé ọ̀sà Àjàṣẹ́. Ewé àlejò tá a sọ lẹ́ẹ̀kan, tí kò lè gba iyọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í kú; ẹja odò á kó lọ sókè, ẹja òkun á wọlé. Nítorí náà, atukọ̀ tó bá sọ fún yín pé ìṣàn ibí yìí kì í yí padà, ẹ bi í pé oṣù wo ló ń sọ.

Ó yá, òkun. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni òkun etí wa ń kún, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń fà. Òṣùpá ló ń fà á, oòrùn sì ń bá a gbè é. Láti ìgbà tó bá kún dé ìgbà tó máa kún padà, nǹkan bíi wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25 ni. Tó bá kún lágogo mẹ́fà òwúrọ̀ òní, nírọ̀lẹ́ á di agogo mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú 25, lọ́la á di agogo méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lójoojúmọ́ ló ń sún síwájú bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó rí omi kíkún lánàá lágogo mẹ́jọ kò fi gbọdọ̀ jáde lágogo mẹ́jọ lónìí pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé bákan náà lòun máa bá a.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí tẹ́ ẹ máa ń wojú ọ̀run kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀, ẹ ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí láìmọ̀. Ìgbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àti ìgbà tó bá di òṣùpá àrànmọ́jú, oòrùn òun òṣùpá wà lórí ìlà kan náà, wọ́n jọ ń fa omi. Ní ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn rẹ̀, òkun á kún ju ti tẹ́lẹ̀, á sì fà ju ti tẹ́lẹ̀. Ní Kútọnu àti Èkó, ó lè gùn ju mítà kan lọ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ìgbà tí òṣùpá bá di ààbọ̀, tí oòrùn ń fà síbí, tí òṣùpá ń fà sọ́hùn-ún, ìkún á kéré, ìfà á kéré, ìṣàn inú ọ̀nà omi á sì rọlẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ̀ ni pé omi kì í gun ní ìwọ̀n kan náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ká ní sẹ̀ǹtímítà 120 ni òkun máa gùn láàárín wákàtí mẹ́fà. Ẹ bá mi ká a: wákàtí kìíní, 10, ìkejì, 20, ìkẹta, 30, ìkẹrin, 30, ìkarùn-ún, 20, ìkẹfà, 10. Òfin àwọn awakọ̀ òkun ni, kì í ṣe tèmi, kò sì fi gbogbo ara pé, àmọ́ ó tó gbára lé. Àárín gbùngbùn ni omi ti ń sáré jù. Ẹni tó bá lè sún ìrìn rẹ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ìparí, ó ti bọ́ lọ́wọ́ ohun tó le jù níbẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà omi bíi ti Kútọnu tún ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Òkun lè kún tán, kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà, kí omi ṣì máa wọlé lábẹ́ afárá. Kí ló fà á? Adágún inú fẹ̀, ẹnu ọ̀nà há. Omi inú kò tíì ga tó ti ìta. Ó di ìgbà tí ìta bá sọ̀ kalẹ̀ ju inú lọ kí omi tó yí. Ìwé tó sọ ìgbà tí òkun máa kún kò ní sọ èyí fún yín. Ẹni tó ń gbé etí omi ló mọ ọ́n, ẹ bi í. Bó bá sì fi máa dé Àjàṣẹ́, ẹsẹ̀ òkun ti rẹ̀. Ìyàtọ̀ òkè òun ìsàlẹ̀ á ti kéré gan-an, á sì ti pẹ́ kó tó dé.

Báwo lèèyàn ṣe ń mọ bí ìṣàn ṣe le tó? Kò gba ẹ̀rọ. Ẹ dá ọkọ̀ dúró, ẹ fi okùn so ó mọ́ òpó, ẹ ju ewé kan sómi níwájú rẹ̀, ẹ wá ka ìṣẹ́jú-àáyá títí ewé á fi kọjá ìdí ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá gùn ní mítà 8, tí ewé gba ìṣẹ́jú-àáyá 16, ìdajì mítà ló ń lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà méjì ní wákàtí, òun náà ni àwọn awakọ̀ òkun ń pè ní nọ́ọ̀tì kan. Ó jọ pé kò tó nǹkan. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká fi sọdá omi tó fẹ̀ tó kìlómítà kan, kí atukọ̀ máa tu kìlómítà mẹ́rin ní wákàtí. Ìṣẹ́jú 15 ló máa fi sọdá. Láàárín ìṣẹ́jú 15 yẹn, ìṣàn á ti gbé e lọ sísàlẹ̀ tó mítà 450. Ẹni tó kọjú sí ilé ìyá rẹ̀ á gúnlẹ̀ sí ilé àna. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kì í kọjú sí ibi tí wọ́n ń lọ. Wọ́n á kọjú sókè díẹ̀, omi fúnra rẹ̀ á sì gbé wọn dé ẹnu èbúté.

Ẹ jẹ́ ká kúrò nínú ọ̀sà díẹ̀, ká bọ́ sójú òkun. Ìṣàn ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní ìṣàn Guinea, ìwọ̀-oòrùn ló ti ń bọ̀, ó ń gba iwájú Ghana, Togo, àwa, Nàìjíríà, ó ń lọ sí ìlà-oòrùn. Nítòsí etíkun, ohun mìíràn tún ń lọ sápá kan náà: ìgbì tó ń gba gúúsù ìwọ̀-oòrùn wá fẹ̀gbẹ́ kọlu ilẹ̀ ń ti iyanrìn lọ sí ìlà-oòrùn lójoojúmọ́ ayé. Wọ́n kọ́ odi òkúta sẹ́nu òkun Èkó láàárín 1908 sí 1912 kí ọkọ̀ ńlá lè ráyè wọlé. Iyanrìn kó jọ sí ìwọ̀-oòrùn odi, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etíkun tó wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀, Bar Beach. Èbúté ńlá Kútọnu ṣí ní 1965, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀: àwọn tó kọ́lé sí ìlà-oòrùn rẹ̀ rí i tí òkun ń wá sí ìdí ilé wọn lọ́dọọdún, ọ̀pọ̀ ilé ló sì lọ. Ẹni tó bá dí ọ̀nà iyanrìn lókè, ará ìsàlẹ̀ ló ń san án.

Ìṣàn yìí àti afẹ́fẹ́ wà nínú ìtàn tó burú jù lọ ní etíkun wa. Ọkọ̀ onígbòkun tó bá ti kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú ní Ouidah, tó fẹ́ lọ sí Bahia ní Brazil, Brazil wà ní ìwọ̀-oòrùn, ṣùgbọ́n kò lè kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Afẹ́fẹ́ ń ti iwájú wá, ìṣàn Guinea ń fà á sẹ́yìn. Gúúsù ni wọ́n ń gbà, ọ̀pọ̀ nínú wọn á yà ní São Tomé tàbí Cape Lopez ní Gabon láti pọn omi, kí wọ́n tó bá afẹ́fẹ́ tó ń ti gúúsù ìlà-oòrùn fẹ́ láìdáwọ́dúró, òun ló máa wá gbé wọn kọjá òkun. Gbogbo ọjọ́ tí ìyípo yẹn fi kún ìrìn, inú ìdí ọkọ̀ ni àwọn tí wọ́n dè wà. Àní kí wọ́n tó dé inú ọkọ̀ ńlá pàápàá, ìgbì etíkun Ouidah le débi pé atukọ̀ láti Elmina, lọ́hùn-ún ní Ghana, ni àwọn òyìnbó ń háyà láti fi ọkọ̀ kékeré kọjá rẹ̀.

Mo ti ń sọ ti afẹ́fẹ́ láìtíì kí i. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló ti ń fẹ́ bá wa ní ọ̀pọ̀ oṣù ọdún, òun ló ń gbé òjò wá. Oṣù Keje àti Kẹjọ ló máa ń le jù. Láti oṣù Kejìlá sí Kejì, ọyẹ́ á gba àríwá ìlà-oòrùn wọlé pẹ̀lú eruku Sàhárà, ètè á bó, ojú ọ̀nà á ṣú lórí omi, ẹni tó wà láàárín Nokoué lè má rí etí omi mọ́. Lóòjọ́ náà, afẹ́fẹ́ ní ìṣe tirẹ̀. Oòrùn á mú ilẹ̀ gbóná ju omi lọ. Afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ á fúyẹ́, á gòkè, ti orí omi á wọlé rọ́pò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òwúrọ̀ fi máa ń pa rọ́rọ́, tí ọ̀sán á fi le. Ọkọ̀ tó bá ń ti Kútọnu padà sí Ganvié lọ́sàn-án, ẹ̀yìn rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ wà. Èyí tó ń lọ sí Kútọnu ní àkókò yẹn, ọ̀pá ló máa fi ti ara rẹ̀.

Ẹ lè kọ́ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ láti ẹ̀yìnkùlé yín níhìn-ín láìwọ ọkọ̀. Ní 1805, ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan, Francis Beaufort, ṣe òṣùwọ̀n láti òdo dé 12, wọ́n sì wá bá a wá àmì tí ará ilẹ̀ lè fi mọ̀ ọ́n. Èéfín ààrò tó gòkè tààrà, òdo nìyẹn. Tí ewé bá ń dún, tẹ́ ẹ sì ń gbọ́ afẹ́fẹ́ lójú, ó di 2. Tí ewé àti ẹ̀ka tínínrín kò sinmi, tí àsíá sì ń nà, 3 ni, kìlómítà 12 sí 19 ní wákàtí. Ẹni tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ìgbòkun kò gbọdọ̀ wá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá ń gbé eruku àti bébà nílẹ̀, ó di 4. Ìgbà tí ẹ̀ka ńlá bá ń mì, tí agboòrùn sì ń já mọ́ yín lọ́wọ́, 6 ni. Ọkọ̀ kékeré kò ní iṣẹ́ kankan tó ń ṣe lójú omi mọ́.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí gidigidi. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ojoojúmọ́ ti ń wá, àmọ́ ìlà-oòrùn ni ìjì líle wa ti ń wá. Ẹni tí kò mọ̀ á kọ ẹ̀yìn sí i. Ìgbà tí òjò bá ń bẹ̀rẹ̀, bí oṣù Kẹta sí Karùn-ún, àti ìgbà tó bá fẹ́ parí, ni wọ́n wọ́pọ̀ jù. Bó ṣe ń ṣe é rèé: afẹ́fẹ́ tó ti ń fẹ́ látàárọ̀ á dákẹ́ lójijì. Ìgbòkun á rọ̀. Ooru á mú, ara ò ní gbà á. Ẹ wo ìlà-oòrùn, ẹ ó rí àwọsánmà dúdú tó tẹ̀ kọrọdọ láti apá kan dé apá kejì, ìsàlẹ̀ rẹ̀ funfun díẹ̀. Alákọ̀ọ́kọ́ á ní, "Afẹ́fẹ́ ti tán, ẹ jẹ́ ká dúró dè é." Àgbà atukọ̀ ò ní sọ̀rọ̀, á ti máa sọ ìgbòkun kalẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, afẹ́fẹ́ tútù á gba ìlà-oòrùn kọlù wọ́n, òjò á tẹ̀lé e, omi tó tẹ́jú á di ìgbì. Ọkọ̀ tí ìgbòkun rẹ̀ ṣì wà lókè á dojú dé. Àwọn àgbà wa ní òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Èmi á fi kún un pé kì í hó láìkọ́kọ́ fi àmì hàn.

Ẹ jẹ́ ká wo ìgbòkun fúnra rẹ̀. Ti àwọn Tofinu àti Ègùn orí Nokoué kò ní wàhálà: àpò ìrẹsì tàbí àpò ìyẹ̀fun tí wọ́n rán pọ̀, igi tó nà án, okùn tó dì í mú. Afẹ́fẹ́ bá ti ẹ̀yìn wá, ó kún, ọkọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ti rí ọkọ̀ eré ìje lórí tẹlifíṣọ̀n, tó ń lọ síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Kò sí ọkọ̀ onígbòkun láyé tó lè dojú kọ afẹ́fẹ́ gan-an gan-an kó máa lọ. Á fẹ̀gbẹ́ sí i ní nǹkan bíi dígírì 45, á lọ sápá ọ̀tún, á yí, á lọ sápá òsì, á yí, títí á fi débẹ̀. Báwo ni afẹ́fẹ́ tó ń tì í sẹ́yìn ṣe wá ń gbé e síwájú? Ẹ mú hóró ọsàn tútù, ẹ fi ìka méjì fún un pọ̀. Kò ní lọ sápá ìka kankan, iwájú ló máa fò sí. Ìka kan ni afẹ́fẹ́ tó wà nínú ìgbòkun. Ìka kejì ni omi tó ń ti pátákó gbọọrọ kan tí wọ́n rì bọ omi láti àárín ọkọ̀. Ọkọ̀ Ganvié kò ní pátákó yẹn, ìsàlẹ̀ rẹ̀ pẹrẹsẹ kó lè gba orí omi tí kò jìn. Ó mọ iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ọ fún.

Ìgbà tí àwọn ọ̀gá mẹ́ta yìí bá ń jà ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra. Ní ẹnu omi Kútọnu àti ẹnu òkun Èkó, nígbà tí òkun bá ń fà, omi ń jáde lọ sí gúúsù. Afẹ́fẹ́ ọ̀sán ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn wọlé. Ọ̀kan ń jáde, ọ̀kan ń wọlé. Ìgbì á kúrú, á ga, á dúró ṣánṣán, á máa já lé ara wọn. Kí òkun tún yí padà kó máa kún, afẹ́fẹ́ kan náà ń fẹ́, omi á tẹ́jú. Ẹni tó lè mú sùúrù fún wákàtí mélòó kan ní èbúté ti gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ìpayà.

Ó wá ku eré ìje. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ àjẹ̀ méjì jọ gbéra, apá wọn dọ́gba, kálukú lè sá kìlómítà márùn-ún ní wákàtí lórí omi tó dúró. Wọ́n á tu kìlómítà méjì lòdì sí ìṣàn, wọ́n á yí àmì ká, wọ́n á padà. Láàárín omi níbi tó jìn, ìṣàn ń lọ ní kìlómítà méjì ní wákàtí. Ní etí omi, kìlómítà kan péré. Ìṣàn kì í le bákan náà káàkiri: ibi tó jìn ló ti ń sáré, ẹ̀bá ilẹ̀ ló ti ń rọra, níbi tí omi bá sì ti yà, ẹ̀gbẹ́ òde ló ti le, ẹ̀gbẹ́ inú ló ti rọ̀. Ọkọ̀ kìíní gba àárín torí ibẹ̀ ló tọ́. Ogójì ìṣẹ́jú ló fi dé àmì. Èkejì rìn mọ́ etí omi, ó yẹra fún akaja, ìyẹn ẹ̀ka igi tí àwọn apẹja rì mọ́ omi láti kó ẹja jọ, ó lo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nígbà tí wọ́n ń padà, èkejì yìí bọ́ sáàárín kí omi lè gbé e, ìṣẹ́jú 17. Ẹni àkọ́kọ́, torí pé ó ti rẹ̀ ẹ́, fà mọ́ ẹ̀bá, ogún ìṣẹ́jú. Ẹ ro ó pọ̀: 60 sí 47. Ìṣẹ́jú 13, apá kan náà, omi kan náà.

Àwọn onígbòkun ní ti wọn. Ẹgbẹ́ Lagos Yacht Club tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1932 wà létí omi Èkó, níbi tí òkun ń gbà wọlé tó ń gbà jáde. Nínú irú omi bẹ́ẹ̀, bí ìṣàn bá ń lọ síbi tí eré kọjú sí, ó lè ti ọkọ̀ kọjá ìlà kí àmì ìbẹ̀rẹ̀ tó dún, á sì di dandan kó padà wá tún bẹ̀rẹ̀. Bí ìṣàn bá ń bọ̀ wá pàdé wọn, ẹni tó dúró jìnnà sẹ́yìn ìlà ti pẹ́. Èyí tó máa ń ya àlejò lẹ́nu jù ni ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá kú láàárín eré, tí ìṣàn sì ń bọ̀ láti iwájú. Gbogbo ìgbòkun rọ̀. Ọkọ̀ mẹ́wàá ń wo ara wọn, omi ń gbé wọn padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kò sì sí èyí tó mọ̀, torí wọ́n jọ ń lọ ni. Àfi ẹni tó bá yíjú wo igi tó wà létí omi. Ẹni tó yíjú yẹn á rọra ju ìdákọ̀ró sómi. Á dúró. Àwọn yòókù á máa lọ sẹ́yìn, á wá dà bíi pé òun nìkan ló ń sáré. Òfin eré fàyè gbà á, pé kó ṣáà fa ìdákọ̀ró rẹ̀ wọlé kó tó máa bá eré lọ tí afẹ́fẹ́ bá padà dé.

Àkókò wa ti tó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìbéèrè, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kẹ́ ẹ mú un wá sí ilé iṣẹ́ wa kó tó di ọjọ́ ọjà. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, akaja la máa sọ̀rọ̀ lé lórí: bí wọ́n ṣe ń rì í, àti ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹni tó rì í àti ẹni tó fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá. Ó dìgbà kan ná.